Dígí alùpùpù tó ń gbọ̀n: àtúnṣe wo ló bá tiyín mu?

Alẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni jù. Ẹ gbójú sókè wo dígí, ẹ rí iná tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ iná náà ti fà gbọọrọ, ọ̀kan ti di mẹ́ta. Ṣé ọkọ̀ ni, àbí alùpùpù méjì tó ń sáré pọ̀? Ṣé ó ti sún mọ́ni, àbí ó ṣì jìnnà? Dígí tó yẹ kó sọ fún yín ń gbọ̀n rìrì, kò rí ti yín rò.

Àtúnṣe pọ̀ nílẹ̀, olúkúlùkù ẹni tó ń tà á ló sì ń sọ pé tòun ni yóò pa gbígbọ̀n náà. Mi ò gbà. Ẹ́ńjìnì ni onílù, dígí kàn ń jó ni, kò sì sí dígí tí kò ní ìlù kan tó ń mórí rẹ̀ yá ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ti dé orí ìlù yẹn, dígí á jó títí kò fi ní ṣe é wò mọ́. Bó bá kọjá rẹ̀, ara dígí á balẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtúnṣe tí ẹ ó rí kì í pa onílù lẹ́nu mọ́, ṣe ni wọ́n ń yí ìlù tí dígí ń jó sí padà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín lórí ọjà kọ̀ọ̀kan ni pé: ibo ni yóò gbé gbígbọ̀n yìí lọ, ṣé mo sì máa ń dé ibẹ̀?

Ẹ má sì fojú kéré gbígbọ̀n díẹ̀. Bí dígí bá yà ní ìdajì dígírì péré, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lójú rẹ̀ á yà ní odindi dígírì kan, ìlọ́po méjì. Ní nǹkan bíi mítà 57 sẹ́yìn yín, dígírì kan yẹn jẹ́ mítà kan gbáko. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ni kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń lù ú. Ní ojú ọ̀nà tó dá, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ sáré dé ibi tí dígí ti máa ń gbọ̀n, kí ẹ wá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí dígí bá dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì ni. Bó bá ń gbọ̀n lọ bẹ́ẹ̀ títí alùpùpù fi dín eré kù, ẹsẹ̀ alùpùpù ni: táyà tí kò dọ́gba, ríìmù tó ti tẹ̀, tàbí bíárìn tó ti jẹ. Kò sí dígí tí ẹ lè rà tó máa wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì, torí ohun tó ń mi dígí yín yẹn lè gbé yín ṣubú.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ dúró, ẹ fi jíà sí nútírà, ẹ wá máa fún un níná díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibi tí àwòrán inú dígí ti dàrú àti ibi tó ti mọ́ padà. Bí alùpùpù yín bá ní aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ rántí jíà tí ẹ máa ń wà àti eré tí ẹ máa ń sá nígbà tí wàhálà náà bá dé. Níbi tó ti ń gbọ̀n jù yẹn, ẹ fi orí ìka kan kan etí dígí jẹ́jẹ́. Bí àwòrán bá mọ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pá dígí ló ń fì. Bó bá jẹ́ pé àfi ìgbà tí ẹ tẹ gíláàsì fúnra rẹ̀ kó tó dákẹ́, gíláàsì ti tú nínú ilé rẹ̀. Bí ẹ bá kan méjèèjì tí nǹkan kò yí padà, tí ọwọ́ tí ẹ fi di alùpùpù mú sì ń kú tipiri, gbogbo ọwọ́ alùpùpù ló ń gbọ̀n, dígí kàn bá a lọ ni.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni irú ẹ́ńjìnì tí ẹ ní. Onípísítìnì kan máa ń tini lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, ìyẹn ìgbà bíi 67 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ́ńjìnì bá wà lórí 4,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Ó lágbára, ó sì ń mi gbogbo ara. Onípísítìnì mẹ́rin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń fagi lé títì ńlá yẹn fúnra wọn, àmọ́ ó máa ń ṣẹ́ kù kékeré kan tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Ní 6,000, ìyẹn jẹ́ ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní mi yín, àmọ́ á mú ìka yín kú, á sì jẹ́ kí dígí ṣókùnkùn bíi pé èémí bò ó.

Lórí èyí ni mo fi wọn àwọn àtúnṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí: ibi tí wọ́n ń gbé gbígbọ̀n lọ, iye tí wọ́n ń náni, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó, ohun mìíràn tí wọ́n ń bà jẹ́ tàbí tí wọ́n ń tún ṣe, àti bóyá ẹ lè tú wọn kúrò tí ẹ bá kábàámọ̀.

Dídè ohun tó ti tú

Ọ̀fẹ́ ni, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń fò ó. Ẹ ká rọ́bà kékeré tó bo ìdí ọ̀pá dígí sókè. Ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ rẹ̀, tó ti dípẹtà bí kò bá sí ẹni tó yọjú síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi sípánà kan di ọ̀pá mú, kí ẹ sì fi èkejì fún nọ́ọ̀tì yẹn mọ́ ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ sípánà kan ṣoṣo lẹ lò, ọ̀pá á bá nọ́ọ̀tì yí, ẹ ó rò pé ó ti le, bẹ́ẹ̀ ṣe ni dígí kàn kọjú síbòmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún apá ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Yamaha, dígí ọ̀tún máa ń yí sí òdìkejì: apá òsì ni ẹ ó yí i sí kó tó le. Ẹni tí kò mọ̀, tó fi agbára fún un, á pa ojú ihò náà run, ibi tí dígí wọ̀ sí sì wọ́n ju dígí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo síkírù tó di orí dígí mọ́ ọ̀pá, ẹ wo àwọn bóòtù tó di ọwọ́ alùpùpù mú, kí ẹ sì wo àwọn bóòtù tó gbé ẹ́ńjìnì dúró lára férémù. Àwọn ti ẹ́ńjìnì yìí ni èmi máa ń fura sí jù lára alùpùpù tó bá ti gbó. Bí ọ̀kan bá ti dẹ̀, gbígbọ̀n kékeré á di ńlá, ẹni tó ń gùn ún á sì máa dẹ́bi fún dígí. Ìwé alùpùpù máa ń sọ bí bóòtù kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ má kàn fi gbogbo ara fún un. Bí rọ́bà bá wà láàárín ẹ́ńjìnì àti férémù láti ilé iṣẹ́, tó sì ti le gbagidi tàbí tó ti sán, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ìwòsàn, kì í ṣe fífún bóòtù.

Dídè kì í kàn gbé gbígbọ̀n lọ síbòmíràn, torí ohun tó bàjẹ́ ló ń tún ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé bóòtù lè tún tú. Ẹ kán gọ́ọ̀mù ojú bóòtù díẹ̀ sí i, irú èyí tó láwọ̀ búlúù tí sípánà ṣì lè tú.

Irin wíwúwo ní ìpẹ̀kun ọwọ́

Àwọn irin róbótó tó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ alùpùpù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìpẹ̀kun ọwọ́ bá wúwo, agbára kan náà kò ní lè mì í tó bó ṣe ń mì í tẹ́lẹ̀. Ibi tí ó dára sí jù ni gbígbọ̀n wínníwínní ti onípísítìnì mẹ́rin, àti ẹni tí ìka rẹ̀ máa ń kú. Owó rẹ̀ kò pọ̀, síkírù kan ló fi ń wọlé, síkírù yẹn náà ló fi ń jáde, kì í sì í gbó.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń dán, tó láwọ̀ pupa àti wúrà, alumíníọ̀mù ni. Sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga alumíníọ̀mù wọn gíráàmù 2.7 péré, ti irin jẹ́ 7.8, ti idẹ wà ní nǹkan bíi 8.5, ti tungsten sì jẹ́ 19.3. Ẹni tó bá yọ irin ilé iṣẹ́ kúrò tó fi alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà sí i ti dín ìwúwo kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó sanwó kí dígí rẹ̀ lè máa gbọ̀n sí i nìyẹn. Ẹ gbé e lé ọwọ́ kí ẹ tó rà á. Tungsten dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò bá èrè rẹ̀ mu fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa.

Kíkún inú ọwọ́ alùpùpù

Ọmọ ìyá èyí tó ṣáájú ni. Dípò kí ìwúwo wà ní ìpẹ̀kun nìkan, wọ́n á da ọta òjé wẹ́wẹ́, tàbí irú gọ́ọ̀mù sílíkọ́nì tó máa ń gan, sínú ihò ọwọ́ náà. Òjé ń fi ìwúwo kún un, ọta náà sì ń ha ara wọn, ìyẹn ń jẹ lára agbára gbígbọ̀n. Mo gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí ẹ sáré sí i: òjé jẹ́ májèlé, ẹ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ yín dáadáa, sílíkọ́nì kò rọrùn láti kó jáde, ẹni tó bá sì lo iyanrìn tútù ti gbin ìpẹtà sínú irin. Bí wáyà bá gba inú ọwọ́ alùpùpù yín kọjá, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Rọ́bà láàárín dígí àti ọwọ́ alùpùpù

Èyí ni wọ́n ń polówó jù, òun náà sì ni mo fọkàn tán kéré jù. Rọ́bà máa ń dènà gbígbọ̀n tí ìyára rẹ̀ bá ti ju ìlọ́po 1.4 ìlù tí dígí àti rọ́bà náà ń jó sí lọ. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kì í dènà ohunkóhun, ṣe ló ń bù kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni kan á fi sọ pé rọ́bà ti gba òun, tí ẹlòmíràn á ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí dígí rẹ̀ á máa fì bí ẹ́ńjìnì bá rọlẹ̀. Àwọn méjèèjì kò parọ́.

Bí wàhálà yín bá jẹ́ lórí eré gíga nìkan, rọ́bà lè tó. Bó bá jẹ́ lórí eré kékeré, ẹ má rà á. Oòrùn àti òjò á mú un le tàbí kí ó sán, nítorí náà ẹ kà á sí ohun tí ẹ ó máa pààrọ̀. Èyí tó rọ̀ jù tún ní ewu mìíràn: afẹ́fẹ́ orí eré á máa tì dígí sẹ́yìn, ẹ ó sì máa tún un tò ní gbogbo ìgbà.

Ìwúwo nínú orí dígí

Olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣe gudugudu méje. Ẹ gbé gíláàsì jáde pẹ̀lẹ́, bí ilé rẹ̀ bá jẹ́ irú tó ṣe é ṣí, kí ẹ lẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń mú táyà dọ́gba mọ́ ẹ̀yìn inú ilé náà. Bí kò ṣe é ṣí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta, kò ní dára lójú, àmọ́ ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bá nǹkan jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ ni kí ẹ di mú. Bí orí dígí bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ìlù tó ń jó sí á wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Dígí tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnì wà lórí 5,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan á wá máa gbọ̀n ní nǹkan bíi 3,500. Fún ẹni tó ń fi 5,000 rin ìrìn-àjò, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Fún ẹni tó jẹ́ pé 3,500 ló fi ń gba àárín ìlú kọjá láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ó ti fowó ra ìyọnu wálé. Ohun mìíràn ni pé ìwúwo á máa fa síkírù tó di orí dígí mú wálẹ̀. Bí síkírù yẹn bá ti jẹ, dígí á máa sorí kọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Pípààrọ̀ dígí fúnra rẹ̀

Níhìn-ín ni owó ti máa ń tóbi. Ọ̀nà méjì ló wà, wọn kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni dígí tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú tàbí tó nípọn sí i. Òdìkejì ìwúwo lèyí ń ṣe: ó ń gbé gbígbọ̀n lọ sókè. Bí ẹ bá gé ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú gígùn ọ̀pá, tí orí dígí kò yí padà, gbígbọ̀n tó wà ní 5,000 á sún dé itòsí 7,000. Ọ̀pá oníwọ̀n mìlímítà 10 tí kò lu sì le ju ti mìlímítà 8 lọ ní ohun tó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnì yín kì í bá kọjá 6,000 lọ́wọ́ yín, ẹ lè má bá gbígbọ̀n náà pàdé mọ́. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni pé ọ̀pá kúkúrú máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ yín hàn yín ju ojú ọ̀nà lọ, pàápàá ẹni tí èjìká rẹ̀ gbòòrò. Ẹ jókòó sórí alùpùpù kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ìkejì ni dígí ìpẹ̀kun ọwọ́, èyí tí wọ́n ń ki bọ inú ihò ìpẹ̀kun. Ó lẹ́wà, kò sí ìgbọ̀nwọ́ tó dí i, ọ̀pá rẹ̀ sì kúrú. Àmọ́ kó tó wọlé, irin wíwúwo ìpẹ̀kun ọwọ́ gbọ́dọ̀ jáde, ibi tí ẹ sì so ó mọ́ yìí sábà máa ń wà lára ibi tó ń gbọ̀n jù lára alùpùpù. Èyí tó fúyẹ́ tí kò ní ìwúwo nínú lè burú ju èyí tí ẹ yọ lọ. Ó tún ń mú alùpùpù fẹ̀ sí i. Ẹni tó ń gba àárín ọkọ̀ kọjá nínú sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ fi í gbá dígí ọlọ́kọ̀ kan, àlàyé á sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ojú yín gbọ́dọ̀ kúrò níwájú kó tó débẹ̀.

Dígí kéékèèké pọ̀ nínú irú kejì yìí. Ìlànà Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè (UN) tí wọ́n ń pè ní R81, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà, béèrè pé kí fífẹ̀ ojú dígí tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin dọ́gba 69, kí ó má sì dín ní mìlímítà 94 láti etí dé etí bó bá jẹ́ róbótó. Ẹ wo àmì E lára rẹ̀, òun ló ń fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú èyíkéyìí, ẹ mọ ìwọ̀n ihò yín. Èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn alùpùpù Japan ni M10 (ìyẹn mìlímítà 10 níbùú) tí àlàfo láàárín eyín síkírù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.25, àwọn kéékèèké sábà máa ń jẹ́ M8, ti BMW púpọ̀ sì jẹ́ M10 alálàfo 1.5. Ti 1.5 máa ń fẹ́ wọlé sínú ihò 1.25 fún yíyí kan tàbí méjì kó tó há. Bó bá ti há, ẹ má fi agbára kún un.

Yíyí sprocket, ìyẹn àgbá eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí rẹ̀, padà náà wà, kí ẹ́ńjìnì lè máa yí díẹ̀ lórí eré kan náà. Eyín kan sí i níwájú á dín yíyí kù, á sì dín bí alùpùpù ṣe ń fò kúrò lójú kan kù pẹ̀lú. Lára àwọn kan, aago eré á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Ẹ má ṣe é nítorí dígí nìkan.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń gun onípísítìnì kan láàárín ìlú, tí dígí rẹ̀ ń dàrú láàárín 3,000 sí 4,000: ẹ di gbogbo bóòtù, kí ẹ wá lọ sí ọ̀pá kúkúrú tó nípọn. Ẹ yẹra fún rọ́bà àti dígí ìpẹ̀kun ọwọ́.

Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lórí eré kan náà fún wákàtí gígùn, tí gbígbọ̀n náà sì bọ́ sórí eré yẹn gan-an: ìwúwo nínú orí dígí ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ìka yín náà bá ń kú, irin ìpẹ̀kun ọwọ́ ló yẹ kó ṣáájú, irin gidi tàbí idẹ.

Ẹni tí alùpùpù kì í ṣe tirẹ̀, tó ń fi ti ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kó fi mọ sórí ohun tó ṣe é tú: dídè, irin ìpẹ̀kun ọwọ́, àti ìwúwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìta. Dígí ìpẹ̀kun ọwọ́ wà fún ẹni tí ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ń dí dígí tó ní lọ́wọ́, bó bá ti lè rí irú tó ní ìwúwo tirẹ̀ nínú.

Ẹni tí dígí rẹ̀ ń gbọ̀n kìkì ìgbà tó bá dúró síwájú iná ojú pópó, tó ń mọ́ kedere bó bá ti gbéra, kó fi owó rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá fi ọ̀pá kúkúrú tàbí tó nípọn lé gbígbọ̀n yẹn kúrò níbi ìdúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí eré ni yóò wọ̀ sí.